Plọ́ọ̀gì Kẹta

Ọkọ̀ akẹ́rù Ìyá Delight ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú ọgbà mẹkáníìkì l'Ásese. Ó ń wúkọ́, ó ń tu èéfín dúdú, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì rẹ̀ tó ń ta iná sí epo. Hameedah ló pààrọ̀ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ń fi àsìkò ìsinmi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá Lukman.

"Lukman, ọwọ́ tó yẹ kó máa dirun lo fi ẹ́ńjìnnì mi lé," Ìyá Delight ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Hameedah wọra. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbè é. Ó ní bí ọkọ̀ yẹn kò bá lè kó ẹ̀gẹ́ wá láti Ọbáfẹ́mi lọ́jọ́ náà, kí Hameedah gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ sílé, torí òun ò ní di ẹni yẹ̀yẹ́ nítorí ẹnikẹ́ni.

Mùízz, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kó sáà sọ pé ayédèrú ni plọ́ọ̀gì tí wọ́n rà lọ́wọ́ Jamilah tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní òdìkejì títì. Wọ́n á lọ pariwo lé Jamilah lórí, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ká má tan ara wa, ó wu Hameedah láti gbà. Ọ̀kan nínú plọ́ọ̀gì yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe bí àkàrà bá jábọ́ lòun náà ṣe: ó sáré he é, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní kò tíì pẹ́ nílẹ̀, ó bá dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Plọ́ọ̀gì kì í kúkú ṣe àkàrà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò, àmọ́ ẹ̀yìn ni Hameedah wò bí àgbà.

"Mi ò ní purọ́ mọ́ Jamilah, mi ò sì ní lọ sílé," ló wí, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n wá ibi tó ń ṣe é."

Ó wé àkísà gbígbẹ mọ́ ọwọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń yọ wáyà plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá a padà. Ó yọ ti àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ ìkẹta, ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà rárá. A jẹ́ pé plọ́ọ̀gì yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀. Ó pa ọkọ̀, ó tú u, ó sì rí i pé apá funfun ara plọ́ọ̀gì náà ti sán.

Mùízz ń ṣẹ́jú sí i pé kó fi pamọ́. Hameedah kúnlẹ̀, ó fi lé Ìyá Delight lọ́wọ́.

"Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́, mà, tí mo tún dè é síbẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Àmọ́ kì í ṣe torí pé mo jẹ́ obìnrin ló ṣe sán."

Ọ̀gá fún Hameedah ní òmíràn, ọmọ náà dè é, ó tan ọkọ̀, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀. Ìyá Delight kò dúpẹ́. Ó kàn sọ fún Lukman pé bí òun bá tún padà wá, ọmọ tí kì í purọ́ yìí ni kó ṣí ọkọ̀ òun. Lukman kò dárúkọ báàgì mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ má ti tiyín sí ẹlòmíì lọ́rùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣìṣe yín lé yín kúrò nídìí iṣẹ́ tí ẹ yàn. Ẹ dúró, ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ tún un ṣe.