Fọ́tò Kẹ́hìndé Tó Kọ̀ Tí Kò Mọ́

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ìsìmáílà ṣì wà láyé, ilé rẹ̀ ṣì wà ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá láyà kó lọ bi í. Èmi ò lè bi í mọ́.

Ìbejì obìnrin ni Wosilat, ìyàwó rẹ̀, bí fún un. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ibà dá Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀, ọjọ́ kẹta ló lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ ra iyọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n já fóònù Ìsìmáílà gbà ní Ìjọra, gbogbo fọ́tò Kẹ́hìndé sì bá a lọ. Wosilat ní òun ti ń gbàgbé ojú ọmọ òun. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ya Táyé lẹ́ẹ̀mejì," ló wí, "bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àwọn ìyá wa. Lẹ́ẹ̀kejì, kó wọ aṣọ Kẹ́hìndé. Ká lẹ̀ wọ́n pọ̀."

Ìsìmáílà ní kámẹ́rà kékeré kan, oní-fíìmù, tí atukọ̀ kan fún un níbi iṣẹ́ ní Wáàfù. Fóònù ti já a kulẹ̀. Ó fi kámẹ́rà yìí ya Táyé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé fíìmù lọ bá Preye, ọmọbìnrin tó ń fọ fọ́tò ní Màlúù Róòdù.

Táyé mọ́ kedere. Èyí tó wọ aṣọ Kẹ́hìndé rí wínníwínní.

"Bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i lójú," ni Preye wí. Kò mọ nǹkan kan. Ó tún gbé fọ́tò náà wò.

"Light no reach am. Ẹ yà á níta."

Ó yà á níta, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Iyọ̀. Ó pààrọ̀ fíìmù, bóyá ooru ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Iyọ̀. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó nu ojú kámẹ́rà. Iyọ̀ náà ni.

"I no understand again," ni Preye wí. "Fíìmù kan náà, ọmọ kan náà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Abi na the name? Orúkọ wo lẹ máa ń pè tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á?"

"Táyé."

"Ehen. Ẹ pe èkejì."

Àwàdà ló fi ṣe. Ìsìmáílà kò fi ṣàwàdà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà jókòó lágbàlá nínú aṣọ Kẹ́hìndé. Bàbá rẹ̀ gbé kámẹ́rà sójú.

"Kẹ́hìndé, wo ibí."

Ariwo tírélà ojú títì dákẹ́. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù méjì tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Nígbà tó wọ aṣọ tirẹ̀ padà, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n pe Táyé kó tó yíjú.

Preye fọ ọ́. Kẹ́hìndé mọ́ kedere, ó rẹ́rìn-ín, eyín iwájú kan kò sí lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́hìndé ni eyín rẹ̀ yọ kó tó lọ. Eyín Táyé pé. Wosilat gbá fọ́tò náà mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Nínú fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tó wọ aṣọ tirẹ̀, iyọ̀ ti bo Táyé débi pé kò sí ojú mọ́. Ìsìmáílà lọ tú àwọn fọ́tò Táyé ti tẹ́lẹ̀ jáde, àwọn tó mọ́. Gbogbo wọn ti di wínníwínní. Ẹ̀rù bà á. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé.

Ó ra fíìmù tó kù lọ́wọ́ Preye. Ó ń pe Táyé, ó ń yà á. Ó ń pe Táyé, ó ń yà á. Ọmọ náà jókòó lórí àga, kò wò ó rárá. Nígbà tó wo nọ́ńbà ẹ̀yìn kámẹ́rà, fọ́tò kan péré ló ṣẹ́ kù láti yà.

Wosilat wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ pe Kẹ́hìndé," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìgbà yìí ni ọmọ orí àga wá gbójú sókè fúnra rẹ̀, ó tẹjú mọ́ wọn.

"Bàbá, èwo nínú wa lẹ fẹ́ yà?"

Ìsìmáílà la ẹnu. Kò rí orúkọ pè.