Ọ̀rọ̀ Alùpùpù tí Wahab Gbé Mì

Ọ̀gá Wagbara, mẹkáníìkì, fi ẹsẹ̀ tẹ alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó tún un tẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú jáde, èéfín sì gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Diobu, ní Port Harcourt. Inú Bàbá Wahab dùn débi pé ó gbàgbé pé aṣọ Jímọ̀ ló wà lọ́rùn òun, ó fi apá rẹ̀ nu òróró tó wà lára táǹkì.

Káfíńtà ni bàbá yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Bashiru lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti ra alùpùpù náà. Ó ti gbó, àmọ́ irin rẹ̀ ṣì le, Wagbara sì ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti fi písítìn tuntun sí i. Kì í ṣe fáàrí ni Bàbá fẹ́ fi ṣe. Lásìkò náà ni wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo rọ̀bì ní Alesa, lọ́nà Eleme, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, fọ́ọ́màn sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún fi lè pẹ́ dé, kó máa gba ilé rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ilé fi ń jẹun, òun náà ló ń rán Wahab nílé ìwé girama.

Bàbá ti pẹ́ ní Port Harcourt o, àmọ́ píjìn kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àárín àwọn ará ilé, àwọn Yorùbá bíi tirẹ̀, ló ń gbé, àárín wọn ló ti ń kírun, àárín wọn náà ló ti ń jà. Ìlú yìí ni wọ́n bí Wahab sí ní tirẹ̀, píjìn sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Láti kékeré ló ti ń ṣe ògbufọ̀ fún bàbá rẹ̀ lọ́jà, nílé ìwòsàn, lọ́dọ̀ onílé. Ohun tí Wahab bá ti sọ, Bàbá kì í bi ẹlòmíràn mọ́.

"My pikin, tell your papa well well," ni Wagbara wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Dis piston na new one, e never settle. For one month, make e no run am, make e no carry anybody for back. If engine hot, make e stop, make e cool. If e no hear, engine go jam, tyre go jam join."

Bàbá kọjú sí Wahab. "Kí ló wí?"

Odindi oṣù kan láì sáré, láì gbé èèyàn sẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnnì má bàa há! Wahab ti fọ́nnu fún Àríyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, pé lọ́jọ́ Sátidé òun á gbé e yí gbogbo Diobu ká. Bí Bàbá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, yóò so alùpùpù náà mọ́lẹ̀ ni, Àríyọ̀ á sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ó ní iṣẹ́ ti parí, Bàbá. Ó ní kí ẹ máa yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, kí ẹ sì máa nu eruku ara ẹ̀."

"Ṣé gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn?"

"Ó ń yin alùpùpù yín ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó bọ Wagbara lọ́wọ́. "Tánkì yú, tánkì yú." Píjìn rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Wahab fọ alùpùpù náà, ó dán an, ó sì gbé Àríyọ̀ sẹ́yìn. "Wahab, fáya am!" ni Àríyọ̀ ń ké, Wahab náà sì fáya á, ó ń sáré àsápajúdé. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ́ńjìnnì náà gbóná bí agbada tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ó dúró kó tutù kó tó gbé e wọlé. Kò kúkú sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó ní ariwo lásán ni Wagbara ń pa.

Bí wọ́n ṣe ń jẹun alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, Bàbá ní òun àti Akínfẹ́nwá, aládùúgbò wọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, làwọn á máa jọ gun alùpùpù náà lọ sí Alesa. Wahab la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wá rántí pé bí òun bá sọ ọ́, Bàbá á bi òun pé kí ló dé tí òun kò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó fi òkèlè dí ẹnu náà.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá pẹ́ kó tó jáde, ló bá ń sáré. Lójú ọ̀nà Eleme, ẹ́ńjìnnì há, táyà ẹ̀yìn gan pa, alùpùpù náà sì gbé wọn ṣubú. Orúnkún Akínfẹ́nwá bó. Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá fi gba ilẹ̀, alùpùpù sì wó lé ọwọ́ náà.

Ilé ìwé ni Wahab wà nígbà tí wọ́n wá pè é. Kò sunkún. Ó rọra to àwọn ìwé rẹ̀ bí ẹni tí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀, Wahab sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀: "Wọ́n ní egungun ọwọ́ náà ti rún. Wọ́n ní kò ní lè di òòlù mú mọ́." Sàlímọ́tù, ìyá rẹ̀, fi igbe ta. Wahab ń wo fáànù tó ń yí lókè. Gbogbo ara rẹ̀ ti kú tipiri, kò mọ ohun kan lára.

Kí Bàbá tó kúrò nílé ìwòsàn, káfíńtà mìíràn ti wà nípò rẹ̀ ní Alesa. Ọjọ́ tó jáde gan-an ló ní kí Wahab sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wagbara, níbi tí wọ́n wọ́ alùpùpù náà lọ.

"Sọ fún un pé òkú ẹ́ńjìnnì ló gbé fún mi," ni Bàbá wí. "Sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ni yóò bá mi bi í."

Wahab kò tíì sọ nǹkan kan tí Wagbara fi gbé písítìn tó ti jó dúdú sókè. "Your papa carry person?" Ó tẹjú mọ́ ọmọ náà. "You tell am wetin I talk?"

"Kí ló ń bi ọ́?" ni Bàbá wí.

Wahab lè tún purọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Àmọ́ ó ti sú u, àní èémí tó ń mí gan-an ti sú u.

"Ó ń bi mí bóyá mo sọ ohun tó wí fún yín lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọ́, Bàbá. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni fún oṣù kan. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ sáré." Bí ẹni ń ka ìwé sókè ni ó ṣe sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá kò nà án, kò sì pariwo. Ó jókòó sórí táyà kan.

"Sọ fún un pé mo ní kó má bínú."

"Bàbá..."

"Sọ fún un."

Wahab sọ ọ́. Wagbara ṣí fìlà rẹ̀. "Papa, sorry o," ló wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wahab kò padà sílé ìwé mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ó ń ru ẹrù ní èbúté, ó ń jẹun, ó ń sùn. Kò dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, onílé wá bá wọn sọ̀rọ̀ ilé. Wahab dìde láti túmọ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Jókòó," ni Bàbá wí. Ó yíjú sí Alimat, àbúrò Wahab, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Alimat, wá gbọ́ ohun tí bàbá yìí ń wí fún mi."

Ọmọ náà ń kólòlò, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ kò yọ ohunkóhun kúrò, Bàbá sì ń gbọ́ ọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹkún tí Wahab kò sun láti ọjọ́ ìjàǹbá náà tó já. Ó wá yé e pé ẹni tó bá bá èèyàn gbé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ dé, pàápàá apá tí kò bá òun fúnra rẹ̀ lára mu, torí ẹni tó ń dúró gbọ́ ọ lè ti gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé e. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún Bàbá, àmọ́ Bàbá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó tẹ́tí sí Alimat.