Àpótí Géèmù Roqeebah

Ìwọ tó ń kàwé yìí, fetí sílẹ̀ o. Bí inú bá ń bí ọ, má sún mọ́ iná mànàmáná. Iná ò mojú ẹnikẹ́ni. Rọra. Wo ọ̀tún, wo òsì, kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. Roqeebah ò wò.

Ọ̀sán Sátidé ni, ní Jákàńdè tó wà ní Ìsọlọ̀. Roqeebah fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, gbàà!

"Tún kú! Tún kú kí n rí ọ!"

Àpótí náà tún kú lóòótọ́.

Oṣù méjì ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí ti ń kan pákó pọ̀. Ó fẹ́ ṣe irú àpótí géèmù tí wọ́n máa ń dúró ta láyé àtijọ́. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ọ̀pá ìdarí kan àti bọ́tìnnì mẹ́fà. Bọ̀ọ̀dá Sàláúdéènì, rìwáyà kan tó ń tún iná ṣe, tó ń gbé ní Òkè-Àfà, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà mọ́ bọ́tìnnì. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àná ni Bọ̀ọ̀dá Sàláúdéènì yẹ àpótí náà wò. "Ṣájà fóònù tí o fi ń gbé e ni kò lágbára. Mà á mú èyí tó dáa wá ní Mọ́ńdè. Má tú nǹkan kan o." Kó tó lọ, ó bá àwọn ará ilé nu ojú fíúsì tó wà lára ògiri nísàlẹ̀, torí iná ń ṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè jìnnà. Tẹjúmádé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Roqeebah, ṣé géèmù nìyí àbí ilé adìẹ? O ní kí gbogbo kíláàsì wá lágogo mẹ́rin o. Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi ṣèdánwò àṣejáde."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ ni? Wo gílóòbù yín, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sùn. Iná yín ló rẹlẹ̀. Lọ yí fésì, kí ẹ bọ́ sórí wáyà tí iná rẹ̀ le, jàre. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń yí i nílé wa."

Òfin wà nínú ilé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ yí fésì gbọ́dọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, kó pariwo pé, "Ẹ pa nǹkan yín o!" kí oníkálukú sì dáhùn. Roqeebah mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pariwo, wọ́n á bi í pé ta ló rán an. Inú rẹ̀ sì ti ń ru bí ẹ̀kọ orí iná.

Ó yọ́ sọ̀kalẹ̀. Fíúsì mẹ́rin ló wà lára ògiri. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára mẹ́ta. Ìkẹrin ò ní nọ́ńbà. Ó rò pé èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò nìyẹn, pé òun á fi í rọ́pò tiwọn. Ó fà á yọ.

Kò mọ̀ pé nútírà ni, èyí tí kì í jẹ́ kí iná ilé ya wèrè.

Gílóòbù àtẹ̀gùn tàn yòò, ó bẹ́. Ẹnìkan lọgun lókè. Roqeebah ti fíúsì náà padà kíá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èéfín ń jáde lára fíríísà Ìyá Motọ́lání, obìnrin tó ń ta ẹja nísàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n jó, fáànù jó. Kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí náà dúdú bí èédú. Tẹjúmádé ti fẹsẹ̀ fẹ.

"Ta ló fọwọ́ kan iná?" Bàbá Ọláyanjú, alága àwọn ará ilé, ló ń bú ramúramù.

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ìyá Motọ́lání fèsì. "Rìwáyà tó tú u lánàá ni! Ẹ pè é, kó wá kó ẹja mi lọ sínú fíríísà tiẹ̀!"

Bọ̀ọ̀dá Sàláúdéènì dé láìmọ nǹkan kan. Wọ́n ká a mọ́. Ìyá Motọ́lání fún aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. "Ayédèrú rìwáyà!" Bàbá Ọláyanjú da irinṣẹ́ rẹ̀ sínú gọ́tà.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn nu ún ni..."

"Gbẹ́nu dákẹ́!"

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pàdé ti Roqeebah lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ọmọbìnrin náà sọ. Roqeebah gbé e mì.

Ìgbájú dún lẹ́rẹ̀kẹ́ Bọ̀ọ̀dá Sàláúdéènì, páà!

"Èmi ni!" Roqeebah wá figbe ta. "Èmi ni mo fà á yọ! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!"

Ìyá Motọ́lání yíjú sí i. "O sì dúró síbẹ̀, ò ń wò wá? Ọmọ burúkú!"

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe kì í pààyàn bí ìdákẹ́. Bí o bá ṣẹ̀, tètè jẹ́wọ́. Ẹnu tí o pa mọ́ lè di ìgbájú lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹni tó ṣe ọ́ lóore.

Roqeebah kó irinṣẹ́ náà nínú gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi gèlè rẹ̀ nù wọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ti iná kọ́ ló ń dùn mí," ni Bọ̀ọ̀dá Sàláúdéènì wí. "O rí mi. O sì dákẹ́."

Bàbá Ọláyanjú náà tẹ̀ síwájú. "Sàláúdéènì, dín ìbínú rẹ kù fún wa. Kí la máa ṣe báyìí? Sọ nǹkan."

"Ẹ ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, Bàbá. Mo ti dákẹ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Roqeebah pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé géètì. Ó ṣí i, ó bọ́ síta.