Ta Ló Ń Jẹ Èérí Nínú Ìfun?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì, kó yà nílé Abímbọ́lá ní Ikpoba Hill láàárọ̀ Sátidé. Á sẹ́ ẹ, á tún un sẹ́, títí á fi kúnná bí àtíkè. Adìẹ ló ni èérí tó bá kù nínú asẹ́. Ẹ̀wà pàápàá kì í wọ ìkòkò rẹ̀ láìbó, torí oúnjẹ tó mọ́ ni Adékọ́lá ọkọ rẹ̀ ń fẹ́.

Ó ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ ní Sátidé kan nígbà tí Nọ́ọ̀sì Títíloyè, aládùúgbò wọn, wọlé, tó bá Adékọ́lá nídìí ìgò àgbo jẹ̀dí.

"Bàbá Èyítọ́pẹ́, àgbo kí lẹ̀ ń mu láàárọ̀ báyìí?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni, Nọ́ọ̀sì. Mò ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ṣúgà ló fà á."

"Ta ló yẹ̀ yín wò?"

"Ṣé ó tún dìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ mí wò ni? Bàbá mi náà ní in. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yà títí wọ́n fi kú."

Abímbọ́lá yíjú wo ọkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu àgbo náà fún un, kò sì bèèrè rí ohun tó pa bàbá ọkọ òun.

"Ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn."

"Àbẹ́ẹ̀gì! Kí wọ́n máa wo ìdí mi? Tí wọ́n bá gbọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Sapele Road ńkọ́?"

"Ìdí tí dókítà wò kì í pa onídìí." Nọ́ọ̀sì wá yíjú sí abọ́ èérí. "Ìyá Èyítọ́pẹ́, ibo lẹ̀ ń gbé èérí yẹn lọ?"

"Adìẹ ni mo fẹ́ kó o fún. Kò kúkú dà nínú èèyàn. Kí ló wá wúlò fún?"

"Kí ló ń mú ògì kan?"

"Tẹ́ ẹ bá ti rẹ ọkà sómi, á kàn fúnra ẹ̀ ni."

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí ló ń mú un kan. Irú wọn wà nínú ìfun ńlá wa. Èérí ọkà, èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ohun tí inú wa ò lè lọ̀, oúnjẹ tiwọn nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń ṣe èròjà kíkan tó ń bọ́ ara ìfun."

Abímbọ́lá gbé asẹ́ sílẹ̀. "Kíkan kẹ̀? Kò ní dá egbò síbẹ̀?"

"Rárá o. Oúnjẹ ara ìfun ni. Àwọn onímọ̀ rí i pé jẹjẹrẹ ìfun kì í sábà ṣe ẹni tó ń jẹ èérí ọkà, èèpo ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa tó ẹni tí kì í jẹ wọ́n."

Ojú Adékọ́lá là. "Kí n kúkú máa jẹ èérí, kí n má lọ mọ́!"

"Ẹ gbàgbé ẹ̀! Èérí kì í wo ohun tó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sàn."

Nígbà tí Mọ́ńdè dé, Adékọ́lá lọ sílé ìwòsàn, ó ń ráhùn dé ẹnu ọ̀nà. Kókó kékeré kan ni wọ́n bá nínú ìfun rẹ̀. Kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ní ó lè dà á bí wọ́n bá fi sílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Abímbọ́lá sunkún níwájú dókítà, kò tijú.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo, ẹ̀fọ́, èso àti ọkà tí wọn ò sẹ́ èérí rẹ̀ dànù. Ẹ fi í kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má fún un lórúkọ fúnra yín. Dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín.