Ojú Òsì Abímbọ́lá

Ojú òsì Abímbọ́lá kò gbẹ.

Gbogbo ibi yòókù lára àwòrán náà ti gbẹ: irun, àgbọ̀n, ẹ̀gbà ọrùn. Ojú ọ̀tún pàápàá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adékọ́lá fi ìka kan ojú òsì ní ọjọ́ kejìlá, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì tutù bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

Káfíńtà ni Adékọ́lá, ní Ikpoba Hill nílùú Benin. Ó di oṣù méje tí Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì tíì rí i lójú àlá. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí Abímbọ́lá tún wo òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tó fi kan aṣọ funfun mọ́ férémù, tó ra ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò, tó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú ènìyàn lórí fóònù, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí fídíò rẹ̀ kì í fi ju ọwọ́ hàn.

Ìyìnolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i láti inú fóònù ìyá rẹ̀. Nínú rẹ̀, Abímbọ́lá ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò náà.

"Daddy, na you snap am?"

"Ta ni ìbá tún yà á?" ni Adékọ́lá dáhùn. Kò rántí pé òun yà á.

Ọwọ́ inú fídíò náà kì í kánjú. Ó kọ́ ọ ní òjìji kó tó kọ́ ọ ní ìmọ́lẹ̀. "Ẹ̀kán funfun inú ẹyinjú ló kẹ́yìn," ni ohùn náà wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí ẹni náà ń wò ló ń tàn padà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò yín dáadáa."

Adékọ́lá kò wò ó. Ó kàn kán ọ̀dà funfun sí ojú méjèèjì.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó tún ṣí fídíò náà, bóyá yóò rí oògùn ọ̀dà tí kò gbẹ. Nígbà tó dé ibi ẹ̀kán funfun, ọwọ́ náà dúró.

"Bọ̀dá káfíńtà," ni ohùn náà sọ, "ẹ ò tíì wo fọ́tò yín."

Ó dá fídíò náà padà sẹ́yìn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi. Nínú ojú òsì, fèrèsé onígíláàsì kan wà. Gíláàsì kan ti fọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi pákó pupa dí i. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sókè.

Adékọ́lá mọ pákó náà. Òun ló gé e, òun ló kàn án, ní yàrá Láolú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ugbowo. Láolú tó sunkún ju gbogbo ènìyàn lọ níbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ tó kàn án tán, Láolú gbá a léjìká: "Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Ẹnikẹ́ni ò lè yọjú wò mí mọ́."

Nígbà tí Adékọ́lá gbójú sókè, ìlà pupa kan, tó tín-ín-rín bí irun, ti wà láàárín ẹ̀kán funfun lára àwòrán náà. Kò tíì fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì láti òwúrọ̀.

Ó pe Láolú kó wá wo Abímbọ́lá.

Láolú ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Káfíńtà tó di ayàwòrán! Ṣé kì í ṣe tábìlì lo yà ṣá?" Bó ṣe rí àwòrán náà, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yà sápá ọ̀tún. Ó yà sápá òsì.

"Kọ́lá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kí ló dé tó ń wò mí báyìí?"

Adékọ́lá lọ dúró níwájú aya rẹ̀ gan-an. Ojú náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sára Láolú.

Láolú jókòó, ó bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Adékọ́lá yíjú sí àwòrán náà. Ó na ìka, ó sì kan ojú òsì.

Ó ti gbẹ.