Iyùn Inú Ìkòkò Àgbo

"Gbé e kúrò nínú omi, kí oòrùn kàn án," ni Oyèṣọlá wí, ó ti na fóònù rẹ̀ sókè. "Ta ni yóò gbà pé iyùn ààyè ni, bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ?"

Kàósárà wo àpótí gíláàsì tó wà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Omi iyọ̀ ló kún inú àpótí náà. Ẹja kéékèèké mẹ́ta ń lúwẹ̀ẹ́ kiri níbẹ̀, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kan kọjá. Lára òkúta yìí ni àwọn nǹkan bí òdòdó aláwọ̀ ilẹ̀ hù sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Òdòdó kọ́ sì ni wọ́n o, ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n, ìbátan iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́ ọrùn. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá.

Zulkifli, ẹ̀gbọ́n Kàósárà, kọ́ṣẹ́ àpótí ẹja fún ọdún méjì ní Èkó kó tó padà sí Òṣogbo. Àwọn ilé ìtura àti àwọn olówó ló ń ṣe irú rẹ̀ fún. Èyí tó wà nínú yàrá rẹ̀ yìí, oníbàárà kan ló ni ín, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ sí Èkó láti lọ ra iyọ̀ òkun àti ẹja. Kó tó lọ, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Kàósárà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kí o máa fún ẹja lóńjẹ. Má fi ọwọ́ lásán kan òkúta yẹn, má sì yọ ọ́ kúrò nínú omi. Oró wà lára rẹ̀. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, pè mí."

"Oró bíi ti àkéekèé, bọ̀dá mi?"

"Ó burú ju ti àkéekèé lọ," ni Zulkifli wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀, ó di ibùdókọ̀ Old Garage. Bóyá ká ní ó jókòó ṣàlàyé ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó ṣàlàyé nígbà tí mọ́tò ti fẹ́ kún?

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Oyèṣọlá ṣì na fóònù sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá àgbà!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Kàósárà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, orúkọ tí wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì nìyẹn. Ó fi ọ̀rá wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé òkúta náà jáde, ó gbé e síta nínú oòrùn, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù. Wọ́n ya fídíò títí ó fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dá a padà sínú omi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ti rí i, wọ́n ń pe Kàósárà ní olówó iyùn. Inú rẹ̀ dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja kan ti kú. Àwọn òdòdó náà ti pa ojú dé, ikun bíi ti ìgbín ti bo òkúta náà, omi ti dàrú. Kàósárà mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Zulkifli jáde, ó wò ó, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó tún gbé e, Oyèṣọlá ló pè.

"Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn," ni Oyèṣọlá wí. "Ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o fọ òkúta náà mọ́ tónítóní. Tó bá dé, sọ pé ẹja ló jẹ wọ́n."

Ẹni tí kò ní bá ni jẹ nínú ìyà, ìmọ̀ràn kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Kàósárà gbìyànjú láti fi ọ̀bẹ ha òkúta náà, àwọn nǹkan náà kò ṣí. Ó wá rántí bí omi gbígbóná ṣe ń mú kí ìyẹ́ adìẹ rọrùn láti tu. Oró ńkọ́? Ó dá ara rẹ̀ lóhùn: ṣebí gbágùúdá náà lóró, bí iná bá ti kàn án, oró rẹ̀ á lọ. Ọmọ tó gbọ́n ló ń ronú báyẹn, ọgbọ́n náà kàn kù díẹ̀ káàtó ni. Bí a ti ń se oúnjẹ kọ́ là ń se ohun tí a kò mọ̀ rí.

Ìkòkò tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ni ìkòkò àgbo ìyá àgbà. Láti àárọ̀ ni ìyá àgbà ti ní kí ó bá òun se àgbo nítorí ọ̀fìnkìn tó ń yọ òun lẹ́nu. Ewé tíì àti ewé dógóyárò wà nínú abọ́ níbẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n. Kàósárà ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé òkúta sínú ìkòkò, ó bu omi lé e, ó gbé e ka sítóòfù. Ilé ìdáná wọn kò fẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Kò pẹ́ tí omi hó, ooru bo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀fun Kàósárà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó húkọ́ títí, ó jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà bá a. Ìyá Ifẹ̀wàrà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Ifẹ̀wàrà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Òṣogbo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Aláásárì tán, ó sì tún ń húkọ́.

"Àyọ̀ká mi," ó fi oríkì pè é. "Ṣé àgbo mi lo gbé kaná yẹn?"

Ìdáhùn méjì ló wà. Èkíní yóò mú kí ìyá àgbà pe Zulkifli lójú ẹsẹ̀, Zulkifli yóò sì pariwo. Kàósárà mú èkejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà. Àgbo ni."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Imú mi ti dí pa, n ò gbóòórùn kankan láti àárọ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n fà á símú."

"Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná."

"Àgbo tó bá ti tutù, kí ni n ó fi í ṣe? Sọ̀ ọ́, ọmọ mi. Àyà ń fún mi."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kàósárà sọ ìkòkò kalẹ̀. Ìyá àgbà fa àpótí ìjókòó mọ́ra, ó di ojú, ó tẹrí sórí ìkòkò, ó sì fi ìró bo ara rẹ̀ láti orí dé orúnkún. Kàósárà ń gbọ́ bí ó ti ń fa ooru náà símú tagbáratagbára, bí ẹni tó ń fa àlàáfíà. Kàósárà lè fa ìró yẹn kúrò. Ìgbésẹ̀ méjì péré ni. "Ooru lásán ni," ó wí nínú ara rẹ̀, kò sì kúrò lójú kan. Nígbà tí ìyá àgbà ṣí orí, Kàósárà yára gbé ìkòkò náà sẹ́yìn ilé.

Kó tó di ìrun Mágàríbì, ìyá àgbà ní ẹnu òun ń korò bíi pé òun lá irin. Òtútù mú un, ó ń gbọ̀n, ikọ́ rẹ̀ le sí i. Ẹnu Kàósárà náà ń korò, ó sì mọ̀ pé ibà kọ́ ló ń ṣe òun.

Mùyídéènì, bàbá Kàósárà, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan lágbègbè wọn nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Kàósárà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà wò, wọ́n bá ibà níbẹ̀. Ta ni wọn kò ní bá ibà lára rẹ̀ nílùú yìí? Síbẹ̀ dókítà kò fi mọ síbẹ̀.

"Mímí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn," ni dókítà wí. "Ǹjẹ́ ó fa nǹkan símú? Oògùn ẹ̀fọn? Èéfín jẹnẹrétọ̀?"

Mùyídéènì yíjú. "Kàósárà, ìwọ lo wà nílé."

"Àgbo ni wọ́n fà símú, sà. Ewé tíì àti dógóyárò."

Irọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà á tó fi pa á. Irọ́ kejì yìí, ó mọ ohun tó ń ṣe. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ewé méjèèjì kì í ṣe ohun tó ń pani, nítorí náà ó gbé ọkàn kúrò níbẹ̀, ó sì kọjú sí ìtọ́jú ibà.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹran ara ìyá àgbà ń ro ó. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Kàósárà jókòó tì í, ó ń sunkún láì lè sọ ìdí rẹ̀. Ìyá àgbà nawọ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Má sunkún, Àyọ̀ká. Àgbo rẹ yẹn ì bá ti wò mí sàn, ibà yìí ló kàn le."

Bí Kàósárà bá sọ òótọ́ nísinsìnyí, wọn yóò bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lánàá. Bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wúwo sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, Zulkifli ti Èkó dé. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì sáré jáde.

"Kàósárà! Òkúta yẹn dà?"

Ẹ̀kún ló kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀: fídíò, ọ̀bẹ, omi gbígbóná, ìró tí ìyá àgbà fi borí. Zulkifli káwọ́ lérí.

"O sè é? O gbé e kaná, Kàósárà? Ooru rẹ̀ gan-an ló burú jù! Oró yẹn kì í kú nínú omi híhó, ṣe ló ń bá ooru jáde!"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, bọ̀dá mi."

Zulkifli fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo bí ọ̀kadà ti ń sáré ni Zulkifli ń wí pé, "Èmi ni mo gbé e wálé. Èmi ni." Nígbà tí dókítà àti bàbá wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, dókítà ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá, ó ń pe ilé ìwòsàn ńlá kan lórí fóònù, wọ́n sì ń wá ọkọ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá àgbà dé ẹnu ọ̀nà ni mímí rẹ̀ dúró.

Kàósárà di aṣọ dókítà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ká ní mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Dókítà fọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "Oró yìí kò ní oògùn kan pàtó. N ò lè sọ fún ọ pé à bá gbà á là. N ò sì lè sọ fún ọ pé a kì bá gbà á là. Ọjọ́ méjì ni a fi ń wo ohun tí kì í ṣe é."

Wọ́n kírun sí ìyá àgbà lára lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sin ín. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin àdúgbò wá kí wọn, ilé kún. Obìnrin àgbàlagbà kan fa Kàósárà mọ́ra.

"Ọmọ dáadáa," ni obìnrin náà wí. "Mo gbọ́ pé ìwọ lo se àgbo fún un. O tọ́jú rẹ̀ dópin. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ."

"Àmín," ni gbogbo ilé dáhùn.

Kàósárà kò lè gba àdúrà yẹn. Ó dìde láàárín wọn.

"Àgbo kọ́," ó wí. "Kì í ṣe àgbo ni mo sè. Èmi ni mo..."

"Kàósárà." Ohùn bàbá rẹ̀ ni. Mùyídéènì kò pariwo, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nílẹ̀. "Jókòó. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ì bá wúlò fún ìyá mi, o dákẹ́. Ta lo wá ń sọ ọ́ fún báyìí?"

Obìnrin tó fà á mọ́ra rọra gbé ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀, Kàósárà sì jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tó bá lẹ́wà tí ẹ kò sì mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú rí i, kí ọwọ́ jìnnà sí i, bí ọ̀rẹ́ tilẹ̀ ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ká ní Kàósárà pe Zulkifli láàárọ̀ tí ẹja kú, ìbáwí ni ì bá gbà. Ká ní ó sọ òótọ́ nígbà tí dókítà bèèrè, bóyá ẹgba ni ì bá jẹ. Ìyà ẹni tó bá sọ òótọ́ máa ń tán lọ́jọ́ kan. Ti Kàósárà kò tíì tán, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò tán.