Ẹ̀fọ́ Tí Kòkòrò Kò Tọ́ Wò

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kó gbogbo ẹran àti ẹja inú fíríìjì sínú àpò ọ̀rá, ó so ẹnu àpò náà, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń lé àlejò lọ.

"Ó parí," ó wí. "Dókítà ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ń ru jù. Láti òní lọ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso la ó máa jẹ nílé yìí."

Bàbá jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Káfíńtà ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Mi ò ní jẹ ẹ̀fọ́ ọjà," ó wí níkẹyìn. "Omi gọ́tà ni wọ́n ń bù sí i. Ìyá yín ò fún mi ní ẹ̀fọ́ ọjà jẹ rí."

Àǹtí yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Akọ̀wé, o gbọ́? Ilẹ̀ ìyá àgbà rẹ wà lẹ́yìnkùlé. Igbó ti bò ó. Ìwọ lo máa ro ó, ìwọ lo máa gbin nǹkan sí i, ìwọ náà lo máa sè é."

"Èmi nìkan? Àǹtí, ìdánwò mi ku oṣù mẹ́ta péré!"

"Ṣé èmi tí mo ń sáré láàárín àwọn aláìsàn láti àárọ̀ ni kí n wá máa gbin ilá?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Akọ̀wé. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, inagijẹ yìí sì mọ́ ọn lára nítorí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé náà kò tóbi. Ògiri gíga yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ilé sì dí ọ̀nà kẹrin. Ẹni tó bá dúró láàárín rẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ló máa rí. Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ń wà ní agogo mẹ́rin lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ kàwé pọ̀ ní yàrá ìkàwé. Ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́yìn ògiri.

"Akọ̀wé!" Tínrín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, á pariwo. "Ṣé ilá ti ń kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

Akọ̀wé á kàn fi ọkọ́ sọlẹ̀.

Bàbá fi okùn tó fi ń wọn pákó tọ́ ebè mẹ́fà fún un. Tòmátì hù, ilá hù, ẹ̀fọ́ náà hù. Sísè ni kò rọrùn. Ẹ̀wà àkọ́kọ́ jóná.

Bàbá tọ́ ọ wò. "Ẹ̀wà náà ni," ó wí. "Ó kàn ń bínú díẹ̀ ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kòkòrò dé. Ihò kún ara ewé bí asẹ́. Bàbá ní, "Ọwọ́ la fi ń ṣà á. Ìyá àgbà rẹ máa ń ṣà á kí oòrùn tó yọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń jẹ ọbẹ̀ tó gbóná."

Akọ̀wé ṣà á fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ náà mú kó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, kò ṣà á mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá béèrè, ó ní òun ti ṣà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbọ́ tí Bàbá ń bá Àǹtí sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ọmọ yìí ń gbìyànjú. Ó ń jí bí ìyá yín ṣe máa ń jí."

Ìyìn náà fún un lọ́rùn bí aṣọ ilé ìwé tó ti kéré jù fún un. Báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Ó rojọ́ fún Tínrín. Tínrín rẹ́rìn-ín. "Ilé káfíńtà lò ń gbé, o ń fọwọ́ ṣa kòkòrò! Oògùn ìkán tí bàbá yín fi ń kun pákó ńkọ́? Ṣebí kòkòrò náà ni ìkán."

Akọ̀wé mọ agolo oògùn náà. Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ ló wà. Bí Bàbá bá fẹ́ ṣí i, á wọ ìbọ̀wọ́, á sì fi aṣọ bo imú. Ó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Akọ̀wé bu ìdérí kan nínú rẹ̀ sínú omi, ó sì wọ́n ọn sórí ebè mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní já ewé níbẹ̀ títí òjò yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Kòkòrò kú. Ewé tuntun yọ, ó ń dán. Akọ̀wé padà sí yàrá ìkàwé, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì.

Ní ọjọ́ Fúráídè, ó délé, ó bá Bàbá nídìí iná.

"Mo ní kí n gbà ọ́ sílẹ̀ lónìí," Bàbá wí. "O ti ṣe wàhálà tó. Wo ewé! Kò sí ihò kan. Ó dán bí pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìfági fá."

"Níbo lẹ ti já a, Bàbá?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

Akọ̀wé yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ ra búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì? O ò tíì tọ́ ọ wò, o ti ń sá."

Bàbá jáde lọ fọwọ́. Akọ̀wé ṣí ìkòkò, ó da iyọ̀ ṣíbí mẹ́rin sínú rẹ̀. Ó rò pé Bàbá máa da ọbẹ̀ náà nù. Bàbá padà wọlé, ó tọ́ ọ wò, ó sì fajú ro.

"Iyọ̀ pọ̀ jù," ó wí. "Ojú mi ti ń bà jẹ́. N kò mọ ìwọ̀n mọ́."

Kò dà á nù. Ó bu ẹ̀fọ́ náà sínú asẹ́, ó fi omi ṣàn án, ó dá a padà sórí iná. Lẹ́yìn náà, ó bù ú sínú abọ́ méjì, ó sì ti èyí tó pọ̀ sọ́dọ̀ Akọ̀wé. "Jẹun. O ti rù."

Akọ̀wé ń wo ṣíbí Bàbá. Ó lọ sókè, ó padà wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Bí òun bá sọ̀rọ̀, irọ́, agolo àti gbogbo rẹ̀ ló máa tú jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Bàbá, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́! Oògùn ìkán wà níbẹ̀!"

Ṣíbí dúró lójú ọ̀nà.

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mi ò ṣa kòkòrò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, Bàbá. Mo purọ́ ni."

Bàbá tẹjú mọ́ abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? O ti jẹ níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa." Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Pe àǹtí rẹ. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí o gbé agolo náà wá. Dókítà á fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀."

Kí takisí tó dé, òógùn ti bo Bàbá, ó sì ń bì. Ọjọ́ márùn-ún ló lò ní ọsibítù. Akọ̀wé jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò àṣewò.

Àǹtí kò nà án. Ó kàn jókòó tì í. "Ìyá wa kì í já ewé tí kòkòrò kò bá kọ́kọ́ tọ́ wò," ó wí. "Ká ní o sọ̀rọ̀ kó tó fi ṣíbí sẹ́nu, ilé la ó bá wà báyìí. Ká ní o dákẹ́ títí abọ́ fi gbẹ, ibojì kejì là bá máa gbẹ́ lọ́dún yìí."

Nígbà tí Bàbá délé, Akọ̀wé hú gbogbo ẹ̀fọ́ náà. Ó gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sínú àpò, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí sì gbé e lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá kò jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ rẹ̀. Àǹtí ló ń se oúnjẹ sílẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Àwo nìkan ni Akọ̀wé ń fọ̀. Bàbá kò bú u. Ìyẹn ló le jù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àǹtí kò ráyè dáná. Akọ̀wé se ẹ̀wà, ó gbé e síwájú Bàbá, ó sì dúró.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátì, òróró ṣíbí méjì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná díẹ̀, sà. Òkè ni mo bù fún yín."

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

Bàbá wo ojú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó mú ṣíbí.

Kò sí ọmọ tí kì í ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a fi bo àṣìṣe máa ń ti òpùrọ́ mọ́lé, ó sì lè pa ẹni tó fọkàn tán an. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ṣíbí ṣì wà nínú abọ́.